Ẹfúnróyè Tinúbú: Ìyálóde tí ó gba Ẹ̀gbá sílẹ̀, tí ó sì ta ọmọ ẹlòmíràn

Ojoojúmọ́ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń gba Ìta Tinúbú kọjá ní Erékùṣù Èkó. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń sáré lọ síbi iṣẹ́, àwọn oníṣòwò ń ru ẹrù lọ sí ọjà Balógun, àwọn onímọ́tò ń fun fèrè. Ère obìnrin kan wà ní ìta náà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni àwọn tí ń gbójú sókè wò ó. Ní Abẹ́òkúta, ère obìnrin yìí kan náà wà ní Ìta Ìyálóde. Ẹfúnróyè Tinúbú ni. Ọmọdé ilé-ẹ̀kọ́ mọ orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olówó, akọni obìnrin tí kò bẹ̀rù òyìnbó, àti ẹni tí ó fún àwọn jagunjagun Ẹ̀gbá ní ẹ̀tù nígbà tí Dàhòmì fẹ́ pa ìlú wọn run. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí ère náà kò sọ ni pé obìnrin yìí kan náà ṣe òwò ẹrú fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti pé òwò náà wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di olówó.

Láti ọdún 2020 ni ọ̀rọ̀ irú ère báyìí ti le sí i káàkiri ayé. Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹfà ọdún náà, àwọn olùwọ́de ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi okùn fa ère Edward Colston lulẹ̀, wọ́n sì yí i sínú omi èbúté. Colston, tí ó kú ní ọdún 1721, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ń kó ẹrú láti etí òkun Áfíríkà lọ sí òkè òkun. Ó ná nínú owó rẹ̀ sórí ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé àwọn aláìní ní Bristol, ìdí nìyẹn tí àwọn ará ìlú fi gbé ère rẹ̀ dúró ní ọdún 1895. Bí ère ẹni tí ń kó ẹrú lọ bá wó lulẹ̀ níbẹ̀, ìbéèrè tí ó kù fún ìhà ìhín ni ti ẹni tí ń mú ẹrú wá sí etí omi. Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn rẹ̀ dáadáa láìkọ́kọ́ mọ irú ìgbésí ayé tí Tinúbú gbé.

Ọmọ Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò nílé

Nǹkan bí ọdún 1810 ni wọ́n bí i sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, nígbà tí kò tíì sí ìlú kankan tí ń jẹ́ Abẹ́òkúta. Ọ̀ṣuntinúbú wà lára orúkọ rẹ̀, orúkọ tí ó so mọ́ Ọ̀ṣun tí ó ti inú ibú wá. Ìparí orúkọ yìí ni ayé fi ń pè é títí di òní. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ilé rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ oníṣòwò, ni ó ti kọ́ bí a ti ń rà àti bí a ti ń tà.

Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, láàárín ọdún 1820 sí 1830, ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká. Ìlú tí ó jóná kò lóǹkà, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì tà lọ sí etí òkun. Àwọn tí ó ṣẹ́ kù tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ lọ sí abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830, ibẹ̀ ni wọ́n sì tẹ Abẹ́òkúta dó. Nítorí náà, Tinúbú kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń ròyìn ìkónilẹ́rú fún. Ó ṣojú rẹ̀, ó sì ṣe àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ọkùnrin Òwu kan ni ó kọ́kọ́ fẹ́. Ó bí ọmọkùnrin méjì fún un kí ọkọ náà tó kú. Ọ̀dọ́ opó ni nígbà tí ẹni tí ó yí ìgbésí ayé rẹ̀ padà dé sí Abẹ́òkúta.

Aya ọba tí kò sí lórí ìtẹ́

Adélé ni orúkọ ẹni náà. Ọba Èkó ni tẹ́lẹ̀, kí Ọ̀ṣinlókun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lé e kúrò lórí oyè, Àgbádárìgì ni ó sì ń gbé láti ìgbà náà. Ní nǹkan bí ọdún 1833, ó fẹ́ Tinúbú, ó sì mú un lọ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Kò pẹ́ tí wọ́n débẹ̀ tí àwọn ọmọ náà kú. Tinúbú kò tún bí ọmọ mìíràn tí ó yè.

Àgbádárìgì ìgbà náà jẹ́ ọjà ńlá fún àwọn oníṣòwò ẹrú. Àwọn ará Brazil àti Potogí wà níbẹ̀, tábà àti iyọ̀ ń wọlé, ènìyàn ń jáde. Tinúbú fi orúkọ ọkọ rẹ̀ wọnú òwò náà. Ó ń kó tábà àti iyọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì ń kó ẹrú bọ̀ láti òkè. Àwọn tí wọ́n bá tà ní Àgbádárìgì a gba orí ọ̀sà kọjá sí Gbẹ̀rẹ̀fù, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń dúró dè wọ́n, wọn kì í sì í padà mọ́. Àárín ọdún díẹ̀ ni obìnrin tí ó wọ ìlú náà gẹ́gẹ́ bí aya ọba tí wọ́n lé lórí oyè di ẹni tí àwọn ọkùnrin oníṣòwò ń wárí fún.

Ní ọdún 1835, Ọba Ìdéwù Òjúlarí ti kúrò lórí ìtẹ́, àwọn ará Èkó sì ní kí Adélé padà wá. Tinúbú bá a lọ. Ṣùgbọ́n kò ju ọdún méjì lọ tí Adélé fi tún kú, ní 1837.

Ẹni tí ń fi ọba jẹ

Bí ó bá jẹ́ obìnrin mìíràn ni, ikú ọkọ ni ìbá pa agbára rẹ̀. Ti Tinúbú kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ ọmọ Ọ̀ṣinlókun ń du oyè, ẹ̀yìn Olúwọlé ọmọ Adélé ni Tinúbú wà, Olúwọlé ni ó sì jọba. Ó tún wá fẹ́ Yésúfù Bàdà, ọ̀kan nínú àwọn balógun Olúwọlé. Báyìí ni òwò, ààfin àti ogun ṣe papọ̀ sí ọwọ́ rẹ̀.

Olúwọlé kú ní ọdún 1841, Akítóyè tí ó jẹ́ àbúrò Adélé sì gorí oyè. Ojú rere ọba tuntun yìí mú kí òwò Tinúbú gbòòrò sí i. Akítóyè gba Kòsọ́kọ́ padà sí ìlú, ohun tí ó ṣe é sì nìyẹn, nítorí pé ní ọdún 1845 Kòsọ́kọ́ gbé ogun dìde, ó sì gba ìtẹ́. Akítóyè sá, Tinúbú àti ọkọ rẹ̀ náà sá padà sí Àgbádárìgì. Láti ibẹ̀ ni Tinúbú ti ń fi owó àti ipá rẹ̀ ṣiṣẹ́ kí Akítóyè lè padà.

Akítóyè wá ìrànlọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣèlérí pé òun yóò fòpin sí òwò ẹrú bí wọ́n bá dá òun padà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ní ohun tí wọ́n ń wá. Wọ́n fẹ́ pa òwò ẹrú rẹ́, wọ́n sì fẹ́ kí epo pupa àti òwò Èkó bọ́ sí ọwọ́ tiwọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun wọn yin ìbọn lu Èkó títí Kòsọ́kọ́ fi sá lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1852, Akítóyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé títa ẹrú sí òkè òkun ti parí ní Èkó.

Tinúbú bá ọba rẹ̀ padà sílé pẹ̀lú ayọ̀ ìṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó dá ọba rẹ̀ padà náà ni ó gbẹ́sẹ̀ lé apá kan nínú òwò rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n tà padà wá sílé

Lẹ́yìn àdéhùn yẹn, epo pupa àti ìbọn ni òwò tí Tinúbú ń ṣe ní gbangba. Àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀sùn kàn án pé ó ṣì ń ta ẹrú fún àwọn ará Brazil ní ìkọ̀kọ̀. Ìtàn kan tí àwọn òpìtàn ń mẹ́nu bà kò dùn-ún gbọ́ rárá. Wọ́n ní nígbà tí òun àti Domingo Martinez, gbajúmọ̀ oníṣòwò ẹrú ọmọ Brazil, kò fẹnu kò lórí iye owó ẹrú ogún, ó ní ó sàn kí òun ri gbogbo wọn sínú omi ju kí òun tà wọ́n ní ọ̀pọ̀ lọ. Yálà inú ló bí i ni o, tàbí ó ti inú ọkàn rẹ̀ wá, ojú tí ó fi ń wo àwọn ogún náà hàn nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ọjà ni wọ́n jẹ́ lójú rẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé ó yí padà nígbà tí ó yá, pé nígbà tí ó gbọ́ irú ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹrú ní òkè òkun, ó kórìíra títa ènìyàn fún òyìnbó. Ohun tí ó dájú ni pé kò fi ẹrú níní sílẹ̀. Wọ́n ròyìn pé ẹrú tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan tó 360. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko, tí wọ́n ń ru ẹrù, tí wọ́n sì ń gbé epo dé etí omi. Òwò epo tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní òwò mímọ́, orí ẹrú ni ó ń gbà dé èbúté.

Ní àkókò yìí kan náà, àwọn Sàró ń dé láti Freetown, àwọn Àgùdà náà ń dé láti Brazil àti Cuba. Ọmọ Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá bíi Tinúbú fúnra rẹ̀. Ogun kó wọn, wọ́n tà wọ́n, Ọlọ́run sì dá wọn padà. Ẹnìkan lè rò pé Tinúbú yóò gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni àwọn náà, wọ́n gbọ́ èdè òyìnbó, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì wà lẹ́yìn wọn. Orogún òwò ni Tinúbú rí nínú wọn, ó sì fẹ́ kí Èkó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kò sí ibi tí ìgbésí ayé rẹ̀ ti ta kókó ju ibí yìí lọ. Àwọn tí ó lè sọ fún un ohun tí títa ènìyàn ń ṣe fún ẹni tí wọ́n tà, ìlú kan náà ni ó bá wọn gbé.

Akítóyè kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1853, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì jọba. Agbára Tinúbú lórí ọba tuntun yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìjòyè mìíràn fi ń kùn. Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, kò fẹ́ kí obìnrin kan máa darí ọba tí òun fẹ́ máa darí. Ó fẹ̀sùn òwò ẹrú kàn án, ọ̀rọ̀ gbèsè tí ó jẹ àwọn oníṣòwò òyìnbó náà sì wọ inú rẹ̀. Tinúbú àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbìyànjú láti gbé ìlú dìde sí Campbell àti àwọn àjèjì, kò sì bọ́ sí i. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1856, wọ́n lé e kúrò ní Èkó. Nínú ohun tí ó ṣe yìí, ó rí òótọ́ kan kí ọ̀pọ̀ tó rí i, pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò wá ran ọba lọ́wọ́ lásán. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861, wọ́n gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú.

Ìgbà tí Dàhòmì dé

Ní Abẹ́òkúta, Tinúbú tún bẹ̀rẹ̀ òwò. Ìbọn, ẹ̀tù àti ọta ni ó ń kó, ìlú náà sì nílò wọn gidigidi. Ọba Dàhòmì ti kọlu Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹta ọdún 1851, wọ́n lé e padà, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ̀ pé yóò tún wá. Ohun tí ọmọ ogun Dàhòmì ń wá kò fara sin. Wọ́n fẹ́ kó ènìyàn. Bí odi ìlú bá wó, wọn yóò pa àwọn kan, wọn yóò kó àwọn kan lọ sí oko ọba, wọn yóò sì ta àwọn tí ó kù.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta ọdún 1864, wọ́n dé. Ọba Glele ni ó kó wọn wá, pẹ̀lú àwọn obìnrin ológun rẹ̀ tí òkìkí wọn kàn káàkiri. Àwọn Ẹ̀gbá dúró lórí odi. Ìbọn àti ẹ̀tù tí Tinúbú kó jọ wà nílé, ó sì kó wọn fún àwọn jagunjagun. Ìtàn Ẹ̀gbá sọ pé ó dúró sí ẹ̀yìn ogun pẹ̀lú àwọn obìnrin ìlú, tí wọ́n ń pín ẹ̀tù àti ọta, tí wọ́n sì ń tọ́jú àwọn tí wọ́n farapa. Dàhòmì kò lè wọlé. Wọ́n sá padà, wọ́n sì fi òkú ọ̀pọ̀ ènìyàn wọn sílẹ̀ lẹ́yìn odi.

Ọdún 1864 náà ni wọ́n fi Tinúbú jẹ Ìyálóde gbogbo Ẹ̀gbá. Ẹ̀bùn ọpẹ́ ni oyè náà. Ọ̀pọ̀ ìdílé tí ó wà ní Abẹ́òkúta lónìí ni ìbá má sí bí odi náà bá wó lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kò ṣeé gbàgbé pé òwò ẹrú wà lára ohun tí ó sọ obìnrin yìí di ọlọ́rọ̀ tí ó lè kó ìbọn àti ẹ̀tù jọ. Ohun tí ó gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn tí ó tà.

Láti ìgbà náà ni ohùn rẹ̀ ti rinlẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ìlú, tí ó sì ń dá sí ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò jẹ Aláké. Ó kú ní ọdún 1887, Abẹ́òkúta ni wọ́n sì sin ín sí. Kò fi ọmọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò parun. Ní Èkó tí wọ́n ti lé e jáde, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ìta tí ó wà ní àárín ìlú. Nígbà òmìnira ní ọdún 1960, wọ́n yí orúkọ ìta náà padà sí Ìta Òmìnira, ṣùgbọ́n orúkọ Tinúbú ni ó padà borí.

Ère náà ńkọ́?

Àwọn tí wọ́n ní kí ère rẹ̀ kúrò ní ẹjọ́ tí ó ṣe é gbọ́. Ère kì í ṣe ìwé ìtàn, ọlá ni. Ẹni tí wọ́n bá gbé sókè ní ojú títì, àpẹẹrẹ ni wọ́n fi ṣe fún àwọn ọmọ. Àwọn tí ó tà kò ní ère, kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó mọ orúkọ wọn. Àtọmọdọ́mọ irú wọn ni wọ́n ń bọ̀ láti Bahia, Havana àti Amẹ́ríkà lónìí, tí wọ́n ń wá orírun wọn ní Èkó àti Àgbádárìgì, tí wọ́n sì ń dúró ya fọ́tò ní abẹ́ ère ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ó ti ta baba ńlá wọn.

Àwọn tí wọ́n ní kí ó dúró pẹ̀lú kò sọ̀rọ̀ lásán. Wọ́n ní kì í ṣe nítorí ẹrú títà ni wọ́n fi gbé e sókè, nítorí Abẹ́òkúta àti Èkó ni. Wọ́n ní ère obìnrin kò pọ̀ ní ìgboro, ìgbà tirẹ̀ sì ni gbogbo olówó ń ní ẹrú. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó. Inú ìlú tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé pé kí òwò náà dópin ni ó ń gbé. Àwọn tí ó jẹ ìyà rẹ̀, tí wọ́n sì padà, wà ládùúgbò rẹ̀. A kò lè sọ pé kò mọ̀.

Ìrántí ìlú náà kì í ṣe déédéé. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí ó kú ní ọdún 1874, jẹ́ ẹgbẹ́ Tinúbú. Òun náà ṣòwò, ó ní ẹrú púpọ̀, ó sì fún àwọn jagunjagun ní ohun ìjà. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ eré oníṣe nípa àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, ìkà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Ẹfúnṣetán sí, akọni ni wọ́n mọ Tinúbú sí. Ohun tí ìlú bá yàn láti rántí ni ó ń sọ ẹnìkan di ìkà, tí ó ń sọ ẹnìkejì di akọni.

Àpẹẹrẹ ohun tí ó ṣeé ṣe kò jìnnà. Ní Àgbádárìgì, ilé Sẹ́ríkí Williams Abass, ọkùnrin tí wọ́n ta ní kékeré tí òun náà sì padà di oníṣòwò ẹrú, ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ kò wó o. Yàrá híhá tí wọ́n ń há ẹrú mọ́ wà níbẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ irin wà níbẹ̀, wọ́n sì ń sọ fún àlejò ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìbo ohunkóhun mọ́lẹ̀. Ní Bristol náà, wọn kò sọ ère Colston nù. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú omi, wọ́n sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 2021, pẹ̀lú ọ̀dà tí àwọn olùwọ́de fi kùn ún lára.

Tinúbú kì í ṣe Colston. Kò jókòó sí ọ̀nà jíjìn fi ìwé ìṣirò ka ènìyàn tí kò rí rí. Ọmọ ìlú ni, ó sì dúró ti ìlú rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó le jù. Gbèsè ọpẹ́ tí Ẹ̀gbá jẹ ẹ́ kò lè tán. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà ni kò fi yẹ kí ẹsẹ̀ ère rẹ̀ dákẹ́. Kí ère dúró ní Èkó, kí ó dúró ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ lédè Yorùbá, ní lẹ́tà tí àgbàlagbà lè kà láìwọ awò, pé ó kó ẹ̀tù fún Ẹ̀gbá ní ọdún 1864, pé ó kọ̀ fún òyìnbó ní ọdún 1856, àti pé ó ta ènìyàn. Kí wọ́n sì fi àmì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún àwọn tí ó tà, àwọn tí ogun kó gẹ́gẹ́ bí ogun ti kó àwọn ará ilé rẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, tí kò sì sí Ìyálóde kan tí ó pín ẹ̀tù fún odi ìlú tiwọn.